Ta Ló Ní Kí Pọ́ọ̀lù àti Sílà Kọrin?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwàásù kan ni mo gbọ́ tó lé mi padà sínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 16. Oníwàásù ní ẹni tó bá ń sunkún nínú ìpọ́njú ti gbà fún Èṣù nìyẹn, pé ìyìn ló ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ó wá ní kí obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ dìde, kó jó. Ó jó. Èmi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ṣé ohun tí Lúùkù kọ nìyẹn? Wọ́n ti na Pọ́ọ̀lù àti Sílà, wọ́n ti kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Lọ́gànjọ́ òru, àwọn fúnra wọn ló dá orin. Ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún wọn. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù kàn ń gbọ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mì, ìdè gbogbo wọn ló tú, tẹni tó kọrin, tẹni tí kò kọ. Ọgbẹ́ ẹgba ńkọ́? Orin ò wò ó sàn. Onítúbú ló bomi wẹ̀ ẹ́ fún wọn lóru yẹn. Ibi tí àwọn oníwàásù wa máa ń fò nìyẹn.

Mi ò bá orin jà o. Mo mọ ìyá tó fúnra rẹ̀ dá orin lẹ́bàá òkú, tí gbogbo wa gbè é. Jóòbù náà jọ́sìn, àmọ́ aṣọ ló kọ́kọ́ fà ya, ó sì fárí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa ní ìhà ibí. Lọ́jọ́ 29 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Èmùré-Èkìtì. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ìtúsílẹ̀, a sì dúpẹ́. Ta ni ò ní dúpẹ́? Ṣùgbọ́n awakọ̀ wọn ò bá wọn padà. Wọ́n ti pa á. Bí ẹnì kan bá máa dá orin nílé awakọ̀ yẹn, àbí ará ilé náà kọ́ ló yẹ kó dá a? Tiwa ni ká bomi lọ.

Sáàmù 88 wà nínú Bíbélì kan náà. Igbe ni látòkè délẹ̀, inú òkùnkùn ló sì parí sí. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn orin ìyìn.