Ọgbọ́n Gáà, Ikú Àgbọ̀nyín: Ǹjẹ́ A Lè Ya Ìmọ̀ Òṣèlú Apàṣẹwàá Kúrò Lára Ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀?

Ìfáàrà

Nígbàkúùgbà tí a bá ka Baṣọ̀run Gáà, eré-onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní 1972, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan kì í ṣàì jẹ yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò nawọ́ sókè, yóò ní: 'Ká tiẹ̀ gbé ti ìkà tó ṣe tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ọkùnrin yìí mọ òṣèlú.' Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo kọ iṣẹ́ kan tí mo fi pín Gáà sí méjì: mo fi ojú-ìwé mẹ́ta ṣàlàyé ọgbọ́n rẹ̀ tìyìntìyìn, mo sì fi ìpínrọ̀ kan ṣoṣo bẹnu àtẹ́ lu ìwà rẹ̀. Ìpín yẹn ni mo fẹ́ tún yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ìbéèrè náà kò ṣòro láti gbé kalẹ̀. Ǹjẹ́ a lè gbé ọgbọ́n òṣèlú apàṣẹwàá lé òṣùwọ̀n kan, kí a sì gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lé òmíràn? Ìdáhùn mi ni pé a lè ṣàlàyé ọgbọ́n náà lọ́tọ̀, ó tilẹ̀ yẹ kí a ṣàlàyé rẹ̀ fínnífínní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìdájọ́, tí a fẹ́ sọ pé ó mọ òṣèlú tàbí kò mọ̀ ọ́n, a kò lè fi ẹ̀mí tí ó bá ọgbọ́n náà lọ sílẹ̀ láìkà.

A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún Gáà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún ni ó fi di àṣẹ mú ní Ọ̀yọ́ Ilé, láti nǹkan bí 1754 títí di 1774. Samuel Johnson, nínú The History of the Yorubas (1921), sọ pé ọba márùn-ún ni ó fi jẹ. Mẹ́rin kú láti ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀karùn-ún ni ó sì pa òun náà. Lábísí kò lò ju ọjọ́ 17 lọ, kò tilẹ̀ dé orí ìtẹ́. Awọ́nbíojú lo ọjọ́ 130. Agbólúajé tẹ̀lé e, Májẹ̀ógbé tẹ̀lé Agbólúajé, lẹ́yìn náà ni ó kan Abíọ́dún.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tí ó ń yin ọgbọ́n rẹ̀ máa ń tọ́ka sí. Èkíní ni lílo òfin. Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí fún, ní àṣẹ láti kọ ọba tí ó bá ṣi agbára lò. Baṣọ̀run kan náà ni ó sì ń dá obì ní ọdún Ọ̀run láti mọ̀ bóyá orí ọba ṣì gba ọba. Gáà kò dá ipò tuntun kankan sílẹ̀. Kò gbé adé lé orí ara rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé adé kì í ṣe ti ilé rẹ̀. Ohun tí ìlú ti fi lé e lọ́wọ́ ni ó lò.

Èkejì ni ètò. Ó fọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ká sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó wọ ààfin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé Baṣọ̀run. Ọba ń jókòó lórí ìtẹ́, Gáà ń jókòó lórí owó.

Ẹ̀kẹta ni mímọ ọkàn ènìyàn. Johnson kò fẹ́ràn Gáà rárá, síbẹ̀ ó jẹ́rìí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sá sábẹ́ ààbò rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù tí wọ́n ní fún ìkà àwọn ọba. Ó tún sọ pé ìgbàgbọ́ wà nígbà náà pé Gáà lè pa ara dà di ẹkùn tàbí erin. Olóṣèlú tí àwọn kan ń sá tọ̀, tí àwọn kan sì ń sá fún, kì í ṣe òpè.

Àwọn òpìtàn òde òní náà kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ sórí ìwà ìkà. I. A. Akinjogbin, nínú Dahomey and Its Neighbours (1967), wo ìjà Gáà àti àwọn Aláàfin gẹ́gẹ́ bí àìfohùnṣọ̀kan lórí ètò ìlú: ṣé kí Ọ̀yọ́ máa fẹ ilẹ̀ rẹ̀ sí i ni, àbí kí ó gbájú mọ́ òwò? Robin Law, nínú The Oyo Empire (1977), tẹnu mọ́ ìjà agbára àti ti ọrọ̀ láàrin ọba àti àwọn ìjòyè. Àǹfààní ńlá wà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ó gbà wá lọ́wọ́ ìtàn kòmọ́dé tí ó ń sọ pé ẹnìkan kan burú, ó bá dìde, ó ń pa ọba.

Bí a bá yọ ikú kúrò ńkọ́?

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi dán ìpín méjì náà wò. Bí ọgbọ́n Gáà bá jẹ́ ohun ọ̀tọ̀, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ohun ọ̀tọ̀, ó yẹ kí a lè mú ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò kí ọgbọ́n sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ wo ti òfin. Àṣẹ láti kọ ọba jẹ́ ìjánu tí ìlú fi sẹ́nu Aláàfin. Ìgbà tí ọba bá ń tẹ ìlú mọ́lẹ̀ ni a ń fà á. Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ Awọ́nbíojú? Ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè rẹ̀. Kí ni ti Agbólúajé? Ìgbà tirẹ̀ tutù, ó ṣe ọdún Bẹbẹ tí í ṣe àmì pé ilẹ̀ tòrò. Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ni pé Gáà fẹ́ gbógun ti ọba ilẹ̀ Pópó kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Aláàfin. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ìlú nínú méjèèjì. Ìlò òfin tí a ń yìn yìí kò ju pé ó gba ìjánu lọ́wọ́ ìlú, ó sì fi fún ọrùn ọba. Bí a bá yọ àwọn òkú náà kúrò, kò sí ìlò òfin kankan tí yóò ṣẹ́kù. Ìjòyè kan tí ó ń dá obì lọ́dọọdún ni yóò kù.

Ẹ wo ti ètò. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò kọ́ ọjà, wọn kò la ọ̀nà tí ìtàn rántí wọn fún. Ìwọ̀ra wọn ni ìtàn rántí. Ìbẹ̀rù baba wọn ni ó ń mú ìṣákọ́lẹ̀ wọlé. Nígbà tí Abíọ́dún àti Ọ̀yábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, fi ohùn ṣọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fi pa àwọn ọmọ náà káàkiri ìlú. Ètò tí ogún ọdún gbé kalẹ̀ kò ní ẹnìkan tí yóò sunkún rẹ̀.

Ẹ wo ti ààbò pàápàá, tí ó lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbà pé àwọn tí ó sá tọ Gáà ní ìdí. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n sá sí kò ní òfin tí ó lè dá ẹni tí ó ni ilé lẹ́kun. Wọ́n kúrò lábẹ́ ọba tí ìjòyè lè kọ̀, wọ́n bọ́ sábẹ́ ìjòyè tí kò sí ẹni tí ó lè kọ̀ ọ́.

Èdè wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Yorùbá kì í pe gbogbo ìmọ̀ọ́ṣe ní ọgbọ́n. Ọgbọ́n wà, ọgbọ́nkọ́gbọ́n wà, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà, àrékérekè sì wà. Ẹni tí ó bá ní òun kàn fẹ́ yin 'ọgbọ́n' Gáà láìdájọ́ ti dájọ́ tán nígbà tí ó mú ọ̀rọ̀ náà láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí eré Fálétí rí tí òwe fi sílẹ̀

Gbogbo wa ni a mọ òwe náà: bí o bá láyà, kí o ṣe ìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣe òótọ́. A máa ń kà á gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ tí ó le koko. Mo rò pé ó ní àbùkù kan. Ikú ta ni ó ní kí a rántí? Ti Gáà ni. Kò dárúkọ ọba mẹ́rin, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tí àwọn ọmọ rẹ̀ kó lẹ́rù. Ìdí tí ó fi ní kí a má ṣe ìkà ni pé ẹ̀san wà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìkà tí ó bá kú sórí ẹní rẹ̀ ti jàre nìyẹn. Láti orí òwe yìí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi kò jìnnà: ẹni tí ó kà á pé àṣìṣe Gáà kò ju pé a mú un lọ yóò máa wá ibi tí ìṣirò rẹ̀ ti yẹ̀.

Eré Fálétí kò jẹ́ kí á rọra kọjá bẹ́ẹ̀. Ó mú ikú Àgbọ̀nyín, ọmọbìnrin Abíọ́dún, wá sí àárín ìtàn. Àgbọ̀nrín ni a nílò fún oògùn Gáà. Ẹran kò sí. Orúkọ ọmọ jọ orúkọ ẹran. A bá fi ọmọ ṣe ẹran. Àwọn kan ti sọ fún mi pé ibẹ̀ ni Gáà ti 'ṣi òṣèlú ṣe', pé bí kò bá fọwọ́ kan ọmọ yẹn, agbára ìbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni ọgbọ́n ti yẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti hàn kedere. Ẹni tí ó ti lo ogún ọdún láti mú ẹ̀mí ọba gẹ́gẹ́ bí ohun èlò kò ní ibì kan tí yóò ti dúró kí ó sọ pé ẹ̀mí ọmọ kì í ṣe ohun èlò. Ìkà yìí àti òṣèlú yẹn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan náà. Kódà bí Abíọ́dún kò bá rí ẹ̀san gbà, bí Gáà bá kú sínú ọlá, ìdájọ́ yìí kò ní yí padà.

Òṣùwọ̀n kan náà fún Abíọ́dún

Bí òṣùwọ̀n yìí bá jẹ́ òtítọ́, kò gbọdọ̀ mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ìgbà Abíọ́dún ni ìtàn ẹnu ń pè ní ìgbà ọ̀pọ̀, ìgbà tí a ń fi igbá wọn owó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Gáà tí a pa ní ọjọ́ kan ṣoṣo náà, ẹ̀mí ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ọrọ̀ ìgbà náà sì gba Porto-Novo, tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, kọjá lórí òwò ẹrú. Àwọn tí a tà kò sí níbẹ̀ láti sọ bóyá ìgbà náà dára. A kò lè ní kí a ka òkú mọ́ Gáà lọ́rùn, kí a wá ka owó nìkan fún Abíọ́dún. Bẹ́ẹ̀ ni Abíọ́dún kò tún ìjánu tí Gáà bàjẹ́ ṣe. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1789 tí a fi kọ Awólẹ̀, Ọ̀yọ́ kò sì tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan lè ta kò mí pé àwọn arọ́kin, tí ààfin ń bọ́, ni wọ́n sọ ìtàn fún àwọn bíi Johnson, àti pé wọ́n lè fẹ ẹ̀ṣẹ̀ Gáà lójú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni ó sọ fún wa nípa ọgbọ́n rẹ̀, nínú gbólóhùn kan náà nígbà mìíràn. A kò lè gba ìdajì ẹ̀rí náà gbọ́ nítorí pé ó wù wá, kí a sì da ìdajì yòókù nù.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan wá

Bí ó bá jẹ́ ti Ọ̀yọ́ Ilé nìkan ni, mi ò bá má yọ ara mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó ń yin Gáà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni mo máa ń gbọ́ nínú ọkọ̀ èrò nípa Sani Abacha: 'Ẹ yọ ti ìpànìyàn kúrò, ọkùnrin yẹn mọ òṣèlú.' Wọ́n á ní ní 1998, ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí ó wà nílẹ̀ ni ó fà á kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdíje. Olóògbé Bọ́lá Ìgè ti fi àwọn ẹgbẹ́ náà wé ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dán ìyẹn náà wò. Ẹni tí ìlú dìbò fún ní 1993 wà ní àtìmọ́lé láti 1994. A ti yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995. A ti yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìbá jiyàn ti sá kúrò nílùú. Bí a bá dá àwọn wọ̀nyí padà sílé wọn, ìfohùnṣọ̀kan ẹgbẹ́ márùn-ún náà kò ní wáyé. Kì í ṣe pé ó ní ìmọ̀ òṣèlú, ó sì tún pànìyàn. Òfìfo tí ikú àti ẹ̀wọ̀n fi sílẹ̀ ni a ń pè ní ìmọ̀ òṣèlú.

Ìkádìí

Èmi kò sọ pé kí a má kọ́ bí Gáà ṣe ṣe é. Ẹni tí ó bá pè é ní ìkà lásán, tí ó sì pa ìwé dé, kò ní mọ bí ìjánu ìlú ṣe ń di ọ̀bẹ, kò sì ní bi àwọn ìjòyè mẹ́fà yòókù ní ìbéèrè kankan. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ́ ọ, kí a máa tú u palẹ̀ wẹ́wẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé nígbà tí a bá dé ibi ìdájọ́, kí a má ṣe pín in sí ojú-ìwé mẹ́ta àti ìpínrọ̀ kan. Nígbà mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá nawọ́, tí ó ní kí a gbé ti ìkà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò ní dá a lẹ́kun. N ó ní kí ó gbé e tì lóòótọ́, kí ó yọ ọba mẹ́rin, kí ó yọ Àgbọ̀nyín, kí ó wá sọ fún wa ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń pè ní òṣèlú.