Oṣé Ṣàngó Lórí Síkírìn: Lámèyítọ́ Iṣẹ́ Rubem Valentim

Ẹni tó bá ti rí oṣé, àáké olójú méjì, lọ́wọ́ adóṣù Ṣàngó rí kò ní pẹ́ dá a mọ̀ nínú àwọn àwòrán tí Rubem Valentim, ayàwòrán ọmọ Bàhíà ní Bùràsíìlì, fi síkírìn tẹ̀ sórí ìwé. Emblema ló pe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sí obìnrin tó kúnlẹ̀ níbẹ̀, kò sí ojú, kò sí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Onígun mẹ́ta méjì ló fi ṣóńṣó kan ara wọn lórí ọ̀pá tó dúró gbọnrangandan. Òbìrí lè wà nísàlẹ̀ wọn, kí àbọ̀ òbìrí tẹ̀ lé e, kí ọfà sì yọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ́jú pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Kò sí òjìji, kò sì sí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti fi ipa sílẹ̀.

Àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́-ọnà ilẹ̀ Bùràsíìlì sábà máa ń to Valentim sẹ́yìn àwọn oníjọ́mẹ́tírì São Paulo àti Rio. Ní 1951 ni Max Bill, ọmọ Switzerland, gba ẹ̀bùn ère níbi ìpàtẹ ọnà Bienal àkọ́kọ́ ní São Paulo. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ Ruptura yọjú níbẹ̀. Nígbà tó di 1959, àwọn ará Rio kọ ìwé ìkéde tiwọn, wọ́n ní Neoconcreto làwọn. Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyẹn, àfi bí ẹni pé onígun mẹ́ta wọkọ̀ ojú omi láti Yúróòpù wá, tí Valentim sì wọ̀ ọ́ lẹ́wù òrìṣà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó rí nǹkan kọ́ lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́, pàápàá bí a ṣe ń fi rúlà àti kọ́ńpáàsì pààlà àwọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé síwájú rúlà ti ní ìwọ̀n tirẹ̀ kí rúlà tó dé.

Salvador ni wọ́n bí i sí ní 1922. Iṣẹ́ dókítà eyín ló kọ́kọ́ kọ́, ó parí rẹ̀ ní 1946, kò sì pẹ́ tó fi pa á tì. (Bóyá ibẹ̀ ni ọwọ́ tí kì í gbọ̀n yẹn ti wá, ta ló mọ̀?) Ó kó lọ sí Rio ní 1957. Ẹ̀bùn ìrìn-àjò tó gbà ní 1962 gbé e dé Róòmù, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1966, ọdún tó kópa nínú àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́-ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar. Nígbà tó padà sí Bùràsíìlì, Brasília ló ń gbé. Ó kú ní 1991.

Ohun tí ojú rẹ̀ ti ń rí ní Salvador kó tó mọ Max Bill ló yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Nínú àwọn ilé òrìṣà Bàhíà, irinṣẹ́ òrìṣà ni wọ́n fi ń mọ òrìṣà ju ère lọ. Oṣé alápá méjì ni ti Ṣàngó. Ọrun àti ọfà tí wọ́n fi irin rọ pọ̀ di ẹyọ kan ni ti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ọ̀ṣun àti Yemọja ló ni abẹ̀bẹ̀ róbótó, Ọbalúayé ló ni ṣàṣàrà, ìbírí tó tẹ̀ lórí sì jẹ́ ti Nàná. Ọ̀pá tí Òrìṣà Olúfọ́n fi ń tilẹ̀ ní àwọn àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ní ìpele-ìpele, ẹyẹ sì bà sí ṣóńṣó rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ti yọ gbogbo ohun tí kò pọn dandan kúrò. Bí èèyàn bá ní kó yọ òmíràn sí i, kò ní ku ọfà mọ́. Ẹ wo oṣé náà. Nílé níbí, agbẹ́gilére lè gbẹ́ obìnrin sí i, kó tún gbé ọmọ pọ̀n ọ́n, síbẹ̀ ẹdùn méjì tó wà lórí rẹ̀ ní láti dọ́gba. Mo rò pé ijó ló fà á: ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un jó, bí apá kan bá sì wúwo ju èkejì lọ, kò ní ṣe é fì. Ibi tí àwọn ará São Paulo gba orí ìwé dé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ti gba ojú ìlò débẹ̀ tipẹ́.

Kí ló wá dé tí síkírìn fi bá irú àwòrán yìí mu tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta ti mọ ìdajì ìdáhùn. Àwọn ọkùnrin a máa gé bátànì sára páànù, wọn a gbé e lé aṣọ, wọn a sì ra ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní ràn án. Wàhálà páànù ni pé bí o bá gé òbìrí yípo pátápátá, àárín rẹ̀ á já bọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá ìdè tín-ín-rín sí níhìn-ín lọ́hùn-ún, tí ìdè náà sì ń hàn lára aṣọ. Àwọn ará Japan, tí ìwé ni wọ́n ń gé bátànì tiwọn sí, a máa fi fọ́nrán sílíìkì di àwọn ègé tí ì bá já bọ́ mú. Síkírìn sọ fọ́nrán yẹn di odindi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fà le sára férémù: íǹkì ń gba ojú ihò rẹ̀ kọjá, òwú rẹ̀ sì ń di gbogbo ègé mú. Samuel Simon gba ìwé-àṣẹ tirẹ̀ lórí ọ̀nà yìí ní England ní 1907. Ní àwọn ọdún 1930 ni àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í tẹ ìpolówó ọjà. Òbìrí nínú òbìrí, onígun mẹ́ta tó dá dúró sáàárín àwọ̀ mìíràn láìsí ìdè: èdè Valentim nìyẹn, síkírìn sì ń sọ ọ́ láìkólòlò.

Àlàyé iṣẹ́ náà kò gùn. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní síkírìn tirẹ̀. Wọ́n á fi ẹ́mọ́ṣọ̀n ra síkírìn níbi tí iná kò ti tàn sí i, á gbẹ, wọ́n á tẹ́ fíìmù tí àwòrán dúdú wà lórí rẹ̀ sí i, wọ́n á wá tan iná líle sí i. Ibi tí iná bá dé á le. Ibi tí dúdú bò, omi á ṣàn án kúrò. Lẹ́yìn náà ni igi onírọ́bà á fa íǹkì kọjá. Atẹ̀wé Ṣómólú tó ń tẹ orúkọ olóògbé sára báàgì ìnáwó mọ gbogbo èyí dunjú. Aṣọ síkírìn tó ní fọ́nrán 43 sí 55 nínú sẹ̀ǹtímítà kan ló dára fún ṣẹ́ẹ̀tì. Ti ìwé a máa wọ 90 sí 120, kí etí ìlà lè mú. Ibi tó ti le ni kí àwọ̀ kejì bọ́ sí àyè tí àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún un. Bí íǹkì bá yẹ̀ díẹ̀ nínú àwòrán òdòdó, kò sẹ́ni tó máa bínú. Nínú oṣé tí apá méjèèjì dọ́gba, ìyẹ̀sẹ̀ tí kò tó mìlímítà kan á la ìlà funfun sílẹ̀ lápá òsì, á sì mú àwọ̀ gun àwọ̀ lápá ọ̀tún. Kíá lojú á rí i pé oṣé wọ́. Ìdọ́gba tí ijó ń béèrè lọ́wọ́ agbẹ́gilére ni síkírìn ń béèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé.

Ní ti àwọ̀, àríyànjiyàn wà. Bàhíà ní ìlànà tirẹ̀: funfun fún Òṣàlá, pupa àti funfun fún Ṣàngó, ìyeyè bíi góòlù fún Ọ̀ṣun. Valentim kì í tẹ̀ lé e ní gbogbo ìgbà. Ó sì lè to irinṣẹ́ òrìṣà mélòó kan jọ sórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn á ní ó ti ta àbùkù bá ohun mímọ́. Ojú tí mo fi wò ó ni pé ó mọ ààlà: kò sí olórìṣà tó máa ṣi irú ìwé bẹ́ẹ̀ mú fún ojúbọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú àwọn iṣẹ́ tí àwọ̀ ti pọ̀ jù, oṣé ń sọ agbára nù, ó ń di ẹ̀ṣọ́ yàrá àlejò. Níbi tí àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta bá ti ń dojú kọ ara wọn ni mo ti rí i tó lágbára jù.

Títẹ̀ tún fún un ní ohun tí kíkùn kò lè fún un, ìyẹn ẹ̀dà. Títí di 1976, dandan ni kí ilé òrìṣà ní Bàhíà gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ìlù tó lè dún. Ọdún yẹn gan-an ni Valentim kọ ìwé ìkéde rẹ̀, Manifesto ainda que tardio, tó fi sọ ibi tó dúró sí nípa gbòǹgbò Áfíríkà nínú iṣẹ́-ọnà orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwòrán tó ṣe é tẹ̀ ní ẹ̀dà púpọ̀, tó ń wọ ilé tí olórìṣà kò lè wọ̀, kì í ṣe nǹkan kékeré ní irú ìlú bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Templo de Oxalá (Tẹ́ḿpìlì Òṣàlá), tí Valentim gbé lọ sí Bienal São Paulo ní 1977, funfun ni látòkè délẹ̀. Ère ni, òjìji ló sì ń ṣe iṣẹ́ àwọ̀ kejì níbẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà, òun náà á yí padà. Kò sí síkírìn tó lè tẹ ìyẹn. Ilé Museu de Arte Moderna da Bahia ló wà báyìí.

Lọ́dọ̀ wa, ẹgbẹ́ Ọnà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989, tí Moyo Okediji àti Kunle Filani wà nínú rẹ̀, béèrè ìbéèrè tó sún mọ́ ti Valentim: báwo ni ọnà àwọn bàbá wa ṣe lè di ìlànà dípò kó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán? Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní ilẹ̀ Yorùbá mọ orúkọ Max Bill, tí wọn kò gbọ́ ti Valentim rí. Ẹ̀yin olùkọ́ ọnà, ẹ fún wọn ní oṣé kan, síkírìn mẹ́ta àti rúlà. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìya ojú sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé bátànì látorí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó di oṣé gidi mú lọ́wọ́, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fì í.