Ẹnu Méjì, Ikùn Kan: Àgbéyẹ̀wò Ìgbèjà Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Fíìmù ní Ìpínlẹ̀ Georgia

Ìfáárà

Ẹni tó bá ń gbé Austell, ní ìwọ̀-oòrùn Atlanta, kò ní rìn jìnnà kó tó dé ibi tí wọ́n ti ya fíìmù. Àwókù ilé iṣẹ́ ìhunṣọ New Manchester ní Sweetwater Creek, nítòsí ìlú náà, wà lára ibi tí wọ́n ti ya ọ̀kan nínú àwọn fíìmù The Hunger Games. Ojú òṣèré ni òǹwòran ń rí. Kì í rí káfíńtà tó kan pákó pọ̀, oníná tó gbé iná kọ́, tàbí aránṣọ tó tún ẹ̀wù ṣe lóru. Àwọn wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ẹgbẹ́ tó ń ṣojú fún púpọ̀ nínú wọn ní Georgia ni Local 479, ẹ̀ka kan lára IATSE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ orí ìtàgé àti fíìmù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1893.

Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ ẹgbẹ́ kan lè gbèjà òṣìṣẹ́ kó sì tún gbèjà iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe, nígbà tó jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ ló ni iṣẹ́ náà? Èrò wa ni pé ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹnu tó fi ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ kò tíì kún tó èyí tó fi ń bá agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀. A ó sì fi ohun tí a bá rí níbẹ̀ wo àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tiwa nílé.

Ẹnu kìn-ín-ní: níwájú agbanisíṣẹ́

Láti ọdún 1947 ni òfin Georgia ti kà á léèwọ̀ pé kí a fi dandan mú òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́ kó tó ríṣẹ́. Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ rí gbà lórí tábìlì àdéhùn ni ó ń fa ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ra.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, IATSE ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí 60,000 dìbò bóyá kí olórí ẹgbẹ́ ní àṣẹ láti pe ìyanṣẹ́lódì. Nínú àwọn tó dìbò, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí i. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n ń bèèrè àsìkò oúnjẹ, wọ́n ń bèèrè òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń bèèrè oorun, nítorí pé ẹni tó ti fi odindi ọjọ́ àti apá kan òru ṣiṣẹ́ ṣì máa wakọ̀ délé. Ìyanṣẹ́lódì kò wáyé. Àdéhùn tuntun fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí mẹ́wàá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan àti èkejì.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ gbà pé kò tó. Àdéhùn méjì ni wọ́n dìbò lé ní oṣù Kọkànlá. Lórí èyí tó kan Hollywood, ìdá 50.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló ní àwọn kò fẹ́, ṣùgbọ́n àdéhùn náà wọlé nítorí pé ìbò àwọn aṣojú ẹ̀ka ni ẹgbẹ́ ń kà. Lórí èyí tó kan Georgia àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ìdá 52 ló gbà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jẹ́ agbẹnusọ gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wa kò gbọ́dọ̀ gbàgbé láti gbọ́ ohùn wa.

Ẹnu kejì: níwájú ìjọba

Òfin ọdún 2005, tí wọ́n tún ṣe ní 2008, ló sọ Georgia di ibùdó fíìmù. Ilé iṣẹ́ tó bá náwó síbẹ̀ ń gba ẹ̀dínwó owó orí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, àti ìdá 10 àfikún bó bá fi àmì ìpolówó ìpínlẹ̀ náà sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó sì lè ta ẹ̀dínwó tí kò bá lò fún ẹlòmíràn. Ní ọdún ìṣúná 2022, owó tí àwọn agbéréjáde ná ní Georgia tó bílíọ̀nù 4.4 dọ́là, ní 2024, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.6. Lọ́dún 2024 yìí kan náà ni Ilé Aṣojú fọwọ́ sí àbádòfin HB 1180, tí ì bá fi gbèdéke sí ẹ̀dínwó tí wọ́n lè tà, ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin Àgbà kò sọ ọ́ di òfin.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó yìí, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ dúró sí. Kò yani lẹ́nu. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí fíìmù bá kó lọ sí Britain, káfíńtà Austell kò lè kó ilé rẹ̀ tẹ̀lé e. A kò lè torí èyí pe ẹgbẹ́ náà ní ẹlẹ́nu méjì. Ikùn kan náà ni ẹnu méjèèjì ń bọ́.

Àríwísí wa wà níbòmíràn. Àmì ìpolówó ni òfin so ìdá 10 àfikún náà mọ́; kò so ó mọ́ ààbò òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Georgia mọ ohun tí àìsí ààbò ń fà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2014, ọkọ̀ ojú irin pa Sarah Jones, ọmọ ọdún 27, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kámẹ́rà fíìmù Midnight Rider lórí afárá ojú irin ní Wayne County. Ilé iṣẹ́ tó ni ojú irin náà ti kọ̀ láti fún wọn láyè. Olùdarí fíìmù náà gbà lọ́dún 2015 pé òun jẹ̀bi, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n kò jí òkú. Bí ìpínlẹ̀ bá lè fi owó ra àwòrán èso píìṣì sí ìparí fíìmù, ó lè fi owó kan náà ra ìsinmi àti ààbò. Ibi tó yẹ kí ẹnu kejì ti ràn ti kìn-ín-ní lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ tiwa ńkọ́?

Èdè Yorùbá fi “ẹgbẹ́” pe nǹkan púpọ̀: ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà lè bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn olórí ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ló kó ara wọn jọ sínú ANTP, tí Hubert Ogunde jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀gá ni wọ́n. Abẹ́ wọn ni ọmọ iṣẹ́ ti ń jẹun, abẹ́ wọn ló ti ń kọ́ṣẹ́. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àti nínú TAMPAN tó tẹ̀lé e, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ jọ wà ní abẹ́ orúlé kan. Wọ́n mọ bí a ti ń parí ìjà, wọ́n ń dáàbò bo orúkọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọ̀gá dúnàá-dúrà nígbà tó jẹ́ pé ọ̀gá ló jókòó sórí àga?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, òṣèré Junior Pope àti àwọn mìíràn kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ojú omi lórí Odò Ọya nígbà tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹgbẹ́ Actors Guild of Nigeria ní kí gbogbo iṣẹ́ fíìmù lójú omi dúró ná. Ìgbésẹ̀ tó yẹ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ikú ló dé. Àdéhùn tó ní agbára ni èyí tí wọ́n ti kọ kí ọkọ̀ tó ṣí.

Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé kí Ìbàdàn ṣe bí Atlanta. Georgia fúnra rẹ̀ kò tíì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tí a fi ń wọn ẹgbẹ́ ni pé: ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí oníná tó rẹ̀ kò bá fẹ́ gun àkàbà mọ́, ǹjẹ́ ìwé kan wà tó lè tọ́ka sí láìpàdánù iṣẹ́ rẹ̀? Níbi tí ìwé náà bá wà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ẹgbẹ́ lásán ni.