Ọkàn Ta Ni Ó Ń Lù Lábẹ́ Pákó?

Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí a bí ní Boston ní 1809, tí ó sì kú ní Baltimore ní 1849, kọ ìtàn púpọ̀ nípa ènìyàn tí ohun kan ṣoṣo gba ọkàn rẹ̀ títí ó fi di apànìyàn. Méjì nínú wọn jáde ní 1843: The Tell-Tale Heart ní oṣù kìn-ín-ní, àti The Black Cat ní oṣù kẹjọ. Mo ti ka méjèèjì lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì dá mi lójú pé ìtumọ̀ tí a sábà ń fún ti ìṣáájú kò tọ̀nà.

Ìtumọ̀ náà ni pé ẹ̀rí ọkàn apànìyàn ni ó mú un jẹ́wọ́. Èdè wa pàápàá ń tì wá sí i. Àwa tí a ń pe ohùn tí ń dá ni lẹ́bi nínú ní ẹ̀rí ọkàn, bí a bá gbọ́ pé ọkàn kan ń lù kíkankíkan lábẹ́ pákó ilé, kí ni à bá tún rò? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè pé ọkàn ta ni. Ẹni tí ń sọ ìtàn náà kò wí pé ọkàn òun ni. Ó ní ti baba arúgbó tí òun pa ni.

Baba yìí kò ṣẹ̀ ẹ́ rí, òun náà kò sì wá owó baba. Ó tilẹ̀ wí pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ojú baba kan, tí ó dà bí ojú igún, tí awọ fẹ́lẹ́ bò, ni kò lè fara dà. Òru méje ni ó fi ń ṣí ìlẹ̀kùn ní ọ̀gànjọ́, tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tínínrín bí òwú aláǹtakùn sí ojú náà. Ṣùgbọ́n ojú wà ní dídì, kò sì lè pa á, nítorí kì í ṣe baba fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá. Ní òru kẹjọ baba jí. Ó jókòó lórí ibùsùn nínú òkùnkùn, èkejì sì dúró láìmira fún wákàtí kan gbáko. Ibí yìí ni ẹ̀rù máa ń bà mí jù, ju ibi ìpànìyàn gan-an lọ. Apànìyàn mọ ìbẹ̀rù tí ń bẹ nínú baba, nítorí irú rẹ̀ ti bá òun náà lóru rí; ó káàánú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín nínú. Kí ni ẹ̀rí ọkàn yóò rí ṣe nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ọlọ́pàá mẹ́ta dé ní aago mẹ́rin ìdájí, ó gbé àga tirẹ̀ lé orí ibi tí òkú wà gan-an. Ìró náà bẹ̀rẹ̀. Kò ronú kan baba, kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, kò tọrọ ìdáríjì. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́pàá ti gbọ́, wọ́n sì ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀sín ni kò lè gbà.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé Poe fi ẹ̀rí ọkàn pamọ́ sábẹ́ ìró náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú mi, nítorí nígbà tí Poe fẹ́ sọ̀rọ̀ àbámọ̀, ó mọ bí a ti ń sọ ọ́. Nínú ìtàn ológìnní dúdú, ọ̀mùtí tí ó yọ ojú ológìnní rẹ̀ kan jí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú àbámọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí kò lágbára; omijé sì ń dà lójú rẹ̀ bí ó ti ń so ẹranko náà kọ́. Pushkin ará Rọ́ṣíà, nínú The Queen of Spades ti 1834, sọ ọ́ gbangba: Hermann, tí ìbẹ̀rù ìbọn rẹ̀ pa ìyá arúgbó ọlọ́lá kan nítorí àṣírí káàdì mẹ́ta, kò ronú pìwà dà, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹ̀rí ọkàn lẹ́nu mọ́ pátápátá. Nínú ìtàn ọkàn tí ń lù, kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi ìtàn náà kọ́ ọmọ pé ọkàn apànìyàn yóò fi í hàn. Ẹ̀kọ́ dídùn ni, ṣùgbọ́n Poe kò kọ ọ́. Ọmọ tí ó bá gbà á lè rò pé ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ń sọ̀rọ̀ létòlétò, kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ètò gan-an ni ẹni yìí fi ń yangàn, òun ni ó sì fi ṣe ẹ̀rí pé orí òun pé. Ẹ sì wo igbe rẹ̀ ìkẹyìn. Kò pe ara rẹ̀ ní ènìyàn búburú. Àwọn ọlọ́pàá mẹ́ta ni ó pè bẹ́ẹ̀.