Ohùn Tí Kò Pa Ọ̀rọ̀ Dà
Láti Ìgándò, mo wọ ọkọ̀ lọ sí CMS, mo sì yà sí Kàtídírà Kristi ní Màrínà, ilé ńlá tí wọ́n parí ní 1946. Bí mo ti jókòó, Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips ni ọkàn mi lọ bá. Láti 1914 dé 1962 ló fi jẹ́ atẹdùùrù àti olùkọ́ akọrin ìjọ náà. Ó mọ̀ pé bí orin bá gbé ohùn “ọwọ́” sísàlẹ̀, ó lè di “ọ̀wọ̀” létí ẹni tó ń gbọ́. Nítorí náà, nínú orin Yorùbá tó ń kọ, ó jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ ṣíwájú, kí orin tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn, iṣẹ́ ìfẹ́ sì ni.