Ẹ̀mú Tó Mọ Idẹ Dì Mú

Idẹ tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà kékeré ọkọ̀ ń lò kì í sábà nípọn ju 0.2 mìlímítà lọ. Abala kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, síbẹ̀ ohun tó pọ̀ lára ọkọ̀ ńlá wà níbẹ̀: mọ́gáàdì, àkàbà ẹ̀yìn, apá tí dígí awakọ̀ so mọ́, títí kan ìkọ́ tí wọ́n ń de okùn tapólì mọ́. Pẹlẹbẹ ni gbogbo wọn wà. A ó gé wọn kúrò lára abala, a ó sì tẹ̀ wọ́n níbi tó yẹ kí wọ́n ti ní igun. Níbi títẹ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí kí ó bàjẹ́, nítorí idẹ tínrín tó bá ti wọ́ kì í tún gún bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Santasi ni mo ti fara balẹ̀ wo iṣẹ́ yìí. Àdúgbò kan ni ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Kumasi, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ Opoku Ware, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, wà. Àbúrò mi kan tó ń gbé níbẹ̀ ń ṣe ẹ̀dà bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ Bedford onípákó tó ń kó èrò àti ẹrù káàkiri Ghana àti ilẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́un. Bàbá rẹ̀ àgbà ta wọ́rọ́bo ní Kumasi, títí di ìgbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní 18 November 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìdílé wọn kó ẹrù sí. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ yìí pé, kí ó rí bí àwọn àgbà ilé ṣe ń ròyìn rẹ̀, mo sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n tó yàn ni 1/35, ìyẹn ni pé mítà kan lára ọkọ̀ gidi kò ju nǹkan bíi 28.6 mìlímítà lọ lára ẹ̀dà rẹ̀. Ìṣirò yìí ló sọ idẹ di dandan. Páànù tí wọ́n fi ń ṣe mọ́gáàdì ọkọ̀ gidi máa ń nípọn tó mìlímítà kan tàbí kí ó lé díẹ̀. Bí a bá fi ike ṣe mọ́gáàdì kékeré, òun náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó mìlímítà kan, nítorí ike tó bá tínrín jù kì í jáde dáadáa nínú ohun tí wọ́n ń dà á sí. Lójú ẹni tó ń wo ẹ̀dà 1/35, mìlímítà kan yẹn jẹ́ páànù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Kò sí bọ́lẹ̀kájà kankan tó gbé irú mọ́gáàdì bẹ́ẹ̀ rí. Idẹ 0.15 mìlímítà dúró fún mìlímítà márùn-ún ó lé díẹ̀. Kò tíì bá ojúlówó mu pátápátá, ṣùgbọ́n ojú kò ní rí i mọ́.

Kì í ṣe ayùn tàbí àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń gé abala idẹ wọ̀nyí. Wọ́n á kun idẹ lójú méjèèjì pẹ̀lú ohun kan tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le, wọ́n á gbé àwòrán lé e, wọ́n á tan iná sí i, wọ́n á wá fọ ibi tí kò le kúrò. Lẹ́yìn náà ni kẹ́míkà, ferric chloride lọ́pọ̀ ìgbà, yóò jẹ ibi tó ṣí sílẹ̀. Ibi tí ó bá ti jẹ ẹ́ lójú méjèèjì á lu jáde. Ibi tí ó bá ti jẹ ẹ́ lójú kan ṣoṣo á di poro tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọlé dé nǹkan bí ìdajì. Poro yẹn ni ilà ìtẹ̀. Inú igun ni ó yẹ kí ó wà nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, àyàfi tí ìwé ìlànà bá ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá irinṣẹ́ títẹ̀ ló máa ń bèèrè bí ó ti lágbára tó. Ọ̀rọ̀ agbára kọ́ nìyí. Èékánná lásán lè tẹ idẹ 0.15 mìlímítà. Dídì mú ni iṣẹ́ irinṣẹ́. Ibi tí ohun tó di idẹ mú bá parí sí ni idẹ yóò ti tẹ̀. Bí ẹnu ẹ̀mú bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, tí ilà ìtẹ̀ sì gùn tó mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà kan á ní igun tó mọ́, méjì yòókù á wọ́ síbi tó bá wù wọ́n. Ẹni tó bá ní òun á máa sún ẹ̀mú náà kiri, kí òun máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á rí i pé gbogbo ibi tí òun ti sún un ló rí gbágungbàgun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó náwó, kí ó gbé rúlà lé ilà ìtẹ̀ tó gùn jù lọ lára abala idẹ rẹ̀. Irinṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò bá gùn tó o, bí ó ti wù kí ó dára tó, kì í ṣe tirẹ̀ fún ilà yẹn.

Kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣòroó gbọ́ ní Kumasi, nítorí ìlú náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi idẹ ṣe ohun kékeré. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wúrà lẹ́búlẹ́bú fi jẹ́ owó nílẹ̀ Akan, idẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní abrammuo ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Àga, asà, ìlù, ìbọn, ọ̀nì, ẹyẹ tó kọ orí sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ló wà lára wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju oríkèé ìka lọ. Lójú tèmi, ẹ̀dà kékeré gan-an ni wọ́n, wọ́n sì péye débi pé ẹni tí kò rí asà Asante rí lè wo ti idẹ kí ó sì mọ bí wọ́n ṣe hun ún. R. S. Rattray ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ìda rọ idẹ nínú ìwé rẹ̀, Religion and Art in Ashanti, tó jáde ní 1927. Wọ́n á yí ìda lórí pákó títí yóò fi di okùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ kékeré kan gé e, wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Èédú lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ amọ̀ ni wọ́n á fi bò ó. Iná á yọ ìda kúrò, wọ́n á da idẹ yíyọ́ sí àyè tó fi sílẹ̀, wọ́n á sì fọ́ amọ̀ náà. Ọ̀nà ìda yìí kan náà ni àwọn baba ńlá wa fi ṣe àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ní Krofofrom, nítòsí Kumasi, àwọn arọdẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ títí di òní.

Ohun tó wú mi lórí nínú iṣẹ́ wọn ni pé gbogbo títẹ̀ ti parí kí idẹ tó dé. Ìda ni wọ́n ń tẹ̀. Bí ó bá wọ́, wọ́n á tún un yí, igi pẹlẹbẹ kan ṣoṣo sì tó fún gbogbo rẹ̀. Ti àwa kò rí bẹ́ẹ̀. Idẹ ti di idẹ kí ó tó kan ọwọ́ wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì fún wa láyè. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí a nà án padà, tí a tún tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni yóò máa le sí i lójú ilà náà títí yóò fi kán.

Ẹ̀mú inú àpótí mẹkáníìkì kò wúlò níbí. Eyín wà lẹ́nu rẹ̀, eyín náà á sì dá àpá sí idẹ lára. Ti àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ni kí a wá: ẹnu pẹlẹbẹ, tí kò ní eyín, tí etí rẹ̀ gún régé. Kí a pa ẹnu rẹ̀ dé, kí a kọjú rẹ̀ sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín ẹnu méjèèjì, kí a dá a padà fún ẹni tó ń tà á, nítorí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ ni idẹ yóò ti máa yọ̀. Fún ìkọ́, fún ìdè kéékèèké, fún gbogbo ohun tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kò sí ohun tó tún dára jù ú lọ, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá sì tó irinṣẹ́ méjì, eléyìí ni kí ó kọ́kọ́ rà.

Fún ilà gígùn, rúlà onírin àti bíléèdì lè ṣe é. A ó fi rúlà tẹ idẹ mọ́ orí dígí, a ó ki bíléèdì sábẹ́ apá tó yọ síta, a ó sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára tó fún ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan náà bá jẹ́ àpótí, bí àpótí bátìrì abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí a kọ́kọ́ tẹ̀ á dìde dúró, kò sì ní jẹ́ kí rúlà jókòó mọ́. Ibẹ̀ ni irinṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Irin méjì ni: ọ̀kan tó tẹ́jú nísàlẹ̀, ọ̀kan tí wọ́n gé etí rẹ̀ ní ìka-ìka lókè, skúrù sì ń fún wọn pọ̀. Àwọn ìka náà kì í fẹ̀ bákan náà. A ó mú èyí tó bá inú àpótí mu, a ó jẹ́ kí ó dúró láàárín ẹ̀gbẹ́ tó ti dìde, a ó sì tẹ èyí tó kù. Ohun kan tí àwọn tó ń rà á kì í wò ni etí irin òkè. Idẹ máa ń fẹ́ padà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ó yẹ kí a lè gbé e kọjá ìwọ̀n 90 díẹ̀. Bí etí irin náà bá dúró gbọnrangandan, kò sí àyè fún èyí. Ó gbọ́dọ̀ dà sẹ́yìn.

Mọ́gáàdì kò ní ilà ìtẹ̀, kíká ni à ń ká a. Àwa a máa sọ pé gbígbóná ni à ń lu irin, ṣùgbọ́n idẹ yìí yàtọ̀: a ó yá a níná àbẹ́là títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà, a ó jẹ́ kí ó tutù, ìgbà náà ni yóò tó rọ̀ fún wa. Lẹ́yìn náà a ó gbé e lé ohun tó rọ̀ díẹ̀, bí awọ, a ó sì fi ìdí irin ìlu-ihò yí i síwá sẹ́yìn. Àwọn tó ń yá gbogbo abala níná lẹ́ẹ̀kan náà kò ṣe é re. Ohun tó bá yẹ kí ó ní igun á rọ̀ jù, àwọn apá tẹ́ẹ́rẹ́ bí àkàbà á sì máa wọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá fọwọ́ kàn wọ́n.

Irinṣẹ́ oníka yìí kò ṣòroó rọ, ìdí sì nìyẹn tí mo fi rò pé kò yẹ kí ará Santasi dúró de ti òkèèrè. Suame Magazine wà níhà àríwá ìlú náà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ti ń tún ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń gbẹ́ irin. Ní 1980 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a mọ̀ sí KNUST lónìí dá ibùdó kan, ITTU, sílẹ̀ níbẹ̀, láti fi ẹ̀rọ àti ìmọ̀ ìgbẹ́rin ran àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó lè gbẹ́ ohun èlò ọkọ̀ gidi lè gbẹ́ eléyìí. Irin pẹlẹbẹ méjì, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, tí a lọ ojú wọn títí wọn yóò fi bá ara wọn mu. Bóòtù kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Sípíríìnì lábẹ́ irin òkè, kí ó lè máa gbé ara rẹ̀ sókè nígbà tí a bá tú bóòtù. Ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí èyí tó kéré jù fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́ta. Kí etí rẹ̀ sì dà sẹ́yìn. Kí a mú abala idẹ tí a ti lò tán dání lọ bá oníṣẹ́ náà, kí ó fi dán ẹnu irin wò lójú wa láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí a tó sanwó.