Ológbò, Eku, àti Obìnrin Tí A Kò Rí Ojú Rẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 1940, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí kò jọ pé wọ́n bá ara wọn tan. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, ilé-iṣẹ́ sinimá MGM gbé kátúùnù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Puss Gets the Boot. Ológbò kan tó ń jẹ́ Jasper wà nínú rẹ̀, eku kan wà níbẹ̀, obìnrin aláwọ̀dúdú kan sì wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú ilé, tó sọ fún ológbò náà pé bí ó bá tún fọ́ ohun kan ṣoṣo sí i, òun yóò lé e síta. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà, ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní Los Angeles, wọ́n fún Hattie McDaniel ní ẹ̀bùn Oscar nítorí ipa Mammy tó kó nínú Gone with the Wind. Òun ni aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn náà. Tábìlì ọ̀tọ̀ tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n sì fi í jókòó sí.

Jasper yìí ni ayé wá mọ̀ sí Tom, eku náà sì ni Jerry. William Hanna àti Joseph Barbera ló dá wọn sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ 114 fún ilé sinimá láti ọdún 1940 títí di 1958. Méje nínú wọn gba ẹ̀bùn Oscar. Mo tẹnu mọ́ ilé sinimá nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò bá wọn pàdé níbẹ̀. Orí tẹlifíṣọ̀n ni a ti mọ̀ wọ́n, ní ìrọ̀lẹ́, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, a sì gbà pé nǹkan ọmọdé ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iwájú fíìmù ńlá ni wọ́n ṣe wọ́n fún, àtàgbà àtọmọdé ló sì jọ ń wò wọ́n. Fún eré oníṣẹ́jú méje, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ni ọwọ́ ènìyàn yà. Scott Bradley ló ń kọ orin wọn, kò sì sí ìgbà tí Tom gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ tí ohun èlò orin kan kò bá a gbé e sílẹ̀. Àwọn ẹranko méjèèjì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá fi lè jókòó ti eré náà kí ó sì rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí a ti rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti jẹ́ ọmọ náà rí.

Ẹni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kí ó wo The Cat Concerto tó jáde ní 1947. Tom wọ aṣọ àríyá, ó jókòó sídìí dùùrù, ó ń lu orin Liszt, Jerry sì ń sùn nínú ikùn dùùrù náà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìjà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orin kò gbọdọ̀ dúró, nítorí àwọn èrò ń wò. Gbogbo ẹ̀san tí ọ̀kan bá fẹ́ gbà lára èkejì, inú orin ni yóò ti gbà á. Mi ò mọ eré méjì nínú sinimá ìgbà náà tó fi ìlù àti ẹsẹ̀ so pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn kan wà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbàlagbà tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n sì bímọ, tí wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni irú eré wọ̀nyí pé kí wọ́n gbé wọn jáde fún ìlò ilé bó ti tọ́ àti bó ti yẹ. Ó rọrùn láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àgbà tó ń jà nítorí ológbò! Ṣùgbọ́n bí a bá fetí sí ohun tí wọ́n ń béèrè, a ó rí i pé ohun tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ìwé ń béèrè lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ni: ẹ má yọ ojú ewé kankan kúrò, ẹ má tún ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kọ. Wọ́n fẹ́ kí àkọlé tó ṣáájú eré jẹ́ ti àkọ́kọ́, nítorí pé nígbà tí MGM bá tún gbé eré kan jáde lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n a gé àkọlé àtijọ́ sọnù, wọ́n a fi tuntun dípò. Wọ́n fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ṣe fún ojú aṣọ fífẹ̀ láti ọdún 1954 máa fẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí tẹlifíṣọ̀n ti gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọn dànù débi pé ẹni tí wọ́n ń lé a máa bọ́ síta àwòrán. Wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀rọ má fi ọwọ́ pa ìlà rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìlà yìí dùn mí ju ìyókù lọ. Nígbà tí DVD dé, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà fọ fíìmù àtijọ́. Ẹ̀rọ náà a máa wá ohun tó bá yọ lójú àwòrán kan tí kò sí lójú èyí tó ṣáájú rẹ̀, ohun tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó gbà pé ìdọ̀tí ni, yóò sì pa á rẹ́. Nínú fíìmù tí a fi ènìyàn ṣe, èyí lè ṣe àǹfààní. Ṣùgbọ́n nínú kátúùnù, kí ni ohun tó ń yọ lójijì tó sì ń parẹ́ lójijì? Ìlà tí ayàwòrán fà ni. Bí Jerry bá sáré kọjá, ẹ̀rọ a jẹ irun imú rẹ̀, a jẹ etí ìka rẹ̀. Ohun tó wá kù mọ́ tónítóní, kò sì ní ẹ̀mí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò rò pé bí àwọn àgbà ayàwòrán náà ti ya á nìyẹn.

Ibi tí wọn ìbá ti rí àwòrán náà gbà ní mímọ́ kò sí mọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n ti ń ṣe kátúùnù aláwọ̀ ní ìgbà náà ni pé wọ́n a ya fọ́tò àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, láti inú gíláàsì pupa, ti aláwọ̀ ewé àti ti aláwọ̀ aró, sórí fíìmù dúdú òun funfun. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni àwọ̀ tó ń jáde. Fíìmù náítíréètì ni wọ́n ń lò, ohun tí iná rẹ̀ kì í kú bí wọ́n tilẹ̀ rì í sínú omi. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, iná jó ilé ìṣúra fíìmù George Eastman House ní ìlú Rochester, níbi tí nẹ́gátíìfù MGM wà. Púpọ̀ nínú ti Tom àti Jerry ìgbà àkọ́kọ́ bá a lọ. Ẹ̀dà ni wọ́n ń fi tún wọn ṣe láti ọjọ́ náà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gé ẹ̀dà, kì í ṣe aṣọ tí òmíràn wà nílé ni ó gé.

Ogún náà kúrò lọ́wọ́ MGM, ó bọ́ sọ́wọ́ Ted Turner ní 1986, ó sì di ti Warner ní 1996. Àwo DVD tí wọ́n pè ní Spotlight Collection jáde ní ìpín mẹ́ta láàárín ọdún 2004 sí 2007. Ìpín kejì ní eré kan tàbí méjì tí wọ́n ti yí ohùn obìnrin ilé náà padà. Àwọn olólùfẹ́ pariwo, ilé-iṣẹ́ sì fi àwo mìíràn rọ́pò. Nínú ìpín kẹta, wọ́n yọ eré méjì kúrò pátápátá. Ní 2011, àwo Blu-ray àkọ́kọ́ jáde, inú àwọn ènìyàn dùn. Wọ́n kéde ìpín kejì rẹ̀ fún oṣù kẹfà ọdún 2013. Kò pẹ́ tí ó hàn pé eré méjì náà kò ní sí níbẹ̀ bákan náà. Ariwo sọ, ilé-iṣẹ́ náà sì dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ìpín kejì náà kò jáde láéláé.

Kí ni eré méjì ọ̀hún? Nínú Mouse Cleaning (1948), obìnrin náà ti fọ ilé mọ́, ó sì kìlọ̀ fún Tom pé òun kò fẹ́ padà wá bá ìdọ̀tí. Jerry ń da nǹkan sílẹ̀, Tom ń sáré nù ún. Nígbẹ̀yìn, èédú ya wọ ilé bí àgbàrá. Tom yọ orí láti inú rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú, ó sì fi ohùn wọ́lẹ̀wọ́lẹ̀ tí Hollywood máa ń fi sẹ́nu aláwọ̀dúdú dá obìnrin náà lóhùn. Nínú Casanova Cat (1951), Tom fi èéfín sìgá kun ojú Jerry di dúdú, ó sì mú un jó lórí irin gbígbóná kí ojú ológbò obìnrin tó ń fẹ́ lè mọ́ra sí i.

Mi ò ní sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn òyìnbó kan máa ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Ẹ̀fẹ̀ ta ni? Eré àfèédúkunjú tí wọ́n fi pa aláwọ̀dúdú lẹ́kún fún ọgọ́rùn-ún ọdún ló wọ inú Tom lọ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yẹn. Nígbà tí mo dàgbà tí mo tún wò ó, ẹ̀rín mi ṣẹ́ sí ọ̀fun. Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ìtàn obìnrin ilé náà ló sì fi èyí yé mi.

Lillian Randolph ló fún un ní ohùn, aláwọ̀dúdú tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rédíò. A kì í rí ojú obìnrin náà: ẹsẹ̀, ìbàdí, ọwọ́ tó di ìgbálẹ̀ mú. Ẹ̀dá tí wọ́n fi ṣẹ̀sín ni, òótọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀dúdú tako irú ipa bẹ́ẹ̀, ó sì parẹ́ lẹ́yìn 1952. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ eré náà, a kì í rí ọ̀gá kankan lórí rẹ̀. Òun ló ń pàṣẹ. Ní Saturday Evening Puss (1950), ó wọṣọ, ó kó ohun ọ̀ṣọ́ sára, ó lọ ta káàdì pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, bí ẹni tó ni ayé ara rẹ̀.

Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1960 tí wọ́n fẹ́ fi eré wọ̀nyí sórí tẹlifíṣọ̀n, báwo ni wọ́n ṣe tún un ṣe? Wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ yà ní funfun. Wọ́n fi ohùn obìnrin Áílándì rọ́pò ti Lillian Randolph. Obìnrin tó ń lọ ta káàdì di ọmọdébìnrin òyìnbó. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n tún gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n fi ohùn òṣèré aláwọ̀dúdú ìgbà tuntun, Thea Vidale, bo ti àkọ́kọ́. Ẹ wo àbájáde rẹ̀: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà ni wọ́n lé jáde, ilé dúró, àwọn tó kọ́ ilé sì wà nínú rẹ̀ láìsí àbùkù kankan. Ológbò kò jìyà, eku kò jìyà. Obìnrin dúdú nìkan ló pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtàn kan tó kàn wá wà tí mo máa ń rántí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin sì ní kí àwọn eléré ṣeré fún àlejò. Ní apá kẹta, òyìnbó jáde láti inú àpò: ó funfun bí ìda, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́, ó ń fa áṣáà símú, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Àwọn èrò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àlejò pé ṣé kò jọ ọ́. Clapperton kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1829, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ojú bá ti tì í tí ó fò ó dá, ẹ̀rí wo ni àwọn tó ń kọ ìtàn eré aláàrìnjó ì bá rí tọ́ka sí fún ọdún náà? Mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Àwọn eléré Aláàfin kò fi òyìnbó ṣẹrú, ọmọ òyìnbó kan kò sì dàgbà sábẹ́ ẹ̀rín wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló pa ẹ̀rí mọ́, a sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ dòní.

Warner náà ti mọ ọ̀nà àárín. Ní 2005, wọ́n ní kí Whoopi Goldberg jókòó ṣáájú eré kí ó ṣàlàyé, wọ́n sì ń kọ ìkìlọ̀ síwájú àwọn àwo mìíràn pé ohun tí kò dára ni ìgbà náà, kò dára báyìí, ṣùgbọ́n pé pípa á mọ́ yóò dà bí ẹni tó ń sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Fún àgbà, èyí tó. Ọmọdé ní àwo tirẹ̀ tí wọ́n lè ṣà fún un.

Ẹ̀bi tèmi fún àwọn olólùfẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ka eré méjì náà bí ẹni tó ń ṣa òǹtẹ̀ ìwé ìfìwéránṣẹ́: 112 kò pé, a fẹ́ 114. Wọ́n lè sọ ọjọ́ tí àkọlé kan yí padà, wọn kì í sì í sọ ohunkóhun nípa ìdí tí èédú fi wà lójú Tom.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, ohun tí wọ́n ń béèrè bọ́ sí wọn lọ́wọ́: àpótí àwo kan tó kó gbogbo 114 pọ̀, Mouse Cleaning àti Casanova Cat náà sì wà níbẹ̀. Ọdún méjìlá ó lé díẹ̀ ni lẹ́yìn ìpín kejì tí kò jáde. Inú mi dùn fún wọn, inú mi sì dùn fún ara mi. Ṣùgbọ́n bí a bá rí gbogbo àkọlé àkọ́kọ́ kó padà, orúkọ Fred Quimby, olùdarí okòwò tí kì í yàwòrán, ni yóò máa yọ síwa léraléra. Ní iwájú Puss Gets the Boot, orúkọ Hanna àti Barbera pàápàá kò sí. Ti Lillian Randolph kò sì sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.